Alùkálì Fíìmù Ilé Wa

Nílé tiwa, ọdún kì í parí kí a má jà lórí fíìmù. Ìjà ẹnu ni o, kò sẹ́ni tó ń gbá ẹnikẹ́ni létí, àmọ́ ohùn wa máa ń ròkè débi pé ará ilé kejì yọjú wò wá nígbà kan, ó ní ṣé kò sí. A ní kò sí, pé fíìmù ni. Ó wò wá láti òkè délẹ̀, ó mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Tí ìsinmi ìparí ọdún bá dé, tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bá ti Àbújá wálé, a ó pé sí pálọ̀ Màmá wa ní Ọjà Tuntun lẹ́yìn ìrun Alásàárì. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló máa mú fíìmù kan wá, èyí tó wò láàárín ọdún tó sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí irú ẹ̀. O ò gbọdọ̀ mú fóònù jáde. O ò gbọdọ̀ sọ pé ó dìgbà tí a bá wò ó kó tó yé wa. Ẹnu ni wàá fi sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn yòókù á sì máa da ìbéèrè bò ọ́. Ìbéèrè yẹn gan-an ló dùn níbẹ̀. Ta ló ń tọ́jú ọmọ nígbà tí ìyá rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n? Báwo ni ọkùnrin tí kò níṣẹ́ ṣe ra mọ́tò? Tí o bá kó sí wọn lọ́wọ́, fíìmù rẹ ti wọlẹ̀ nìyẹn.

Tí gbogbo wa bá ti pariwo tán, Màmá á dájọ́. Òun ni alùkálì wa. Á ní ti ẹni báyìí ló gba ipò kìíní, ti ẹni báyìí ló tẹ̀ lé e, ẹni tó kù, kó lọ wá òmíràn wò lọ́dún tó ń bọ̀. Òun náà máa ń sọ fíìmù tirẹ̀, òun ló sì máa ń sọ kẹ́yìn, àmọ́ kì í fún un ní ipò kankan. Ó ní ẹjọ́ ara òun kọ́ lòun jókòó dá.

Nígbà tí bàbá wa wà láyé, alfa tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ni, ó ní òun ò lọ́wọ́ sí fíìmù ní tòun. Á jókòó sí yàrá pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, á sì fi ìlẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Tí pálọ̀ bá wá dákẹ́ díẹ̀, ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀: "Obìnrin yẹn ńkọ́, ṣé ó ti bẹ ọkọ ẹ̀?" Màmá á ní kò tíì bẹ̀ ẹ́. Á ní, "Ó mà le o," á padà sídìí ìwé rẹ̀.

Èmi ni mo ṣìkejì nínú àwa ọmọ. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Ṣàngó, tẹlifíṣọ̀n sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí iná bá ti wà, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa sọ fún mi pé mi ò mọ fíìmù. Ohun tí mi ò fẹ́ ni ẹkún àsunjù. Tí ẹnìkan bá sunkún títí tí mo fi rán sípì mọ́ síkẹ́ẹ̀tì tán, mo ti fo ibẹ̀ nìyẹn. Àbúrò wa obìnrin tó ń ta aṣọ ní Ọjà-Ọba yàtọ̀ sí mi, ẹkún lòun fi ń mọ èyí tó dáa. Bọ̀dá wa, ìyẹn ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé l'Ábújá, lọ́yà ni, ó sì máa ń gbé kóòtù wọ inú fíìmù oníkálukú. Kò sí fíìmù tí kò lè fi ìbéèrè wó lulẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ọdún tó kọjá ló ṣẹlẹ̀.

Nínú òjò ọdún yẹn ni ẹ̀rù ti kọ́kọ́ bà wá. Màmá ń pè mí ní orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú tipẹ́. Àbúrò mi ń sọ ọ́ fún Bọ̀dá lórí fóònù, ó sì ṣí ohùn fóònù náà sílẹ̀ ní pálọ̀ Màmá nítorí pé aṣọ ló ń ká lọ́wọ́. Bọ̀dá ò tilẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó ní ìyá ọ̀rẹ́ òun kan l'Ábújá ló jáde nílé láàárọ̀ tí kò mọ ọ̀nà ilé mọ́, pé wọ́n wá a títí ẹsẹ̀ wọn fi wú. Ó ní tó bá ti di báyìí, òun ò lè fi Màmá sílẹ̀ kó máa dá gbé, òun á mú un lọ sọ́dọ̀ ara òun. Àbúrò mi sáré pa ohùn fóònù. Màmá wà nínú ilé ìdáná, a rò pé kò gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń fi iyọ̀ sí ọbẹ̀, á yí padà, á tún fi sí i.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni Màmá wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ọjà-Ọba. Àbúrò mi rí i láti ìsọ̀ rẹ̀, ó dúró níwájú àwọn tó ń ta báàgì àti bàtà, ó kàn ń wò. Nígbà tí àbúrò mi fi máa dá oníbàárà ọwọ́ rẹ̀ lóhùn tán, Màmá ti wọ kẹ̀kẹ́ padà sílé, kò ra nǹkan kan. A bi í léèrè ohun tó lọ rà. Ó ní òun ò mọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ló já mi láyà jù.

Kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ Bọ̀dá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkà. Ilé tó fẹ̀ ló ń gbé, ìyàwó rẹ̀ sì fẹ́ràn Màmá. Àmọ́ kí ni Màmá fẹ́ lọ ṣe l'Ábújá? Àwọn ìyá àsàlátù tí wọ́n jọ ń ṣe àdúà láti ìgbà tí a wà lọ́mọdé ńkọ́? Obìnrin tó ń gbé wàrà wá bá a lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n á jọ ṣàwàdà kí wọ́n tó ná an, ńkọ́? Ilé tí bàbá wa kọ́ ni, Màmá mọ ibi tó ń jò níbẹ̀ àti ibi tí kì í jò. Bí a bá gbé e kúrò níbẹ̀, bóyá ìgbà yẹn gan-an ló máa wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Bọ̀dá. Ó ní mi ò kì í gba ọ̀rọ̀. Òótọ́ ni, mi ò kì í gbà.

Nígbà tó wálé nínú ìsinmi, ó pe èmi àti àbúrò mi síta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká fi ti fíìmù yìí wò ó. Tí Màmá bá lè sọ fíìmù kan délẹ̀, kó jẹ́ fíìmù tó wà lóòótọ́, mi ò ní sọ̀rọ̀ Àbújá mọ́. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, èmi pẹ̀lú ẹ̀ la jọ ń padà, kò sì sí ìjà níbẹ̀."

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ pé ó dáa. Ó dá mi lójú. Màmá tó máa ń rántí àwọ̀ gèlè tí òṣèré wé, ṣé fíìmù ló máa wá sọ nù?

Ọjọ́ tí a dá pé, Màmá ti din wàrà, ó ti fi ata sí i, sobo tutù sì wà nínú jọ́ọ̀gì. Àbúrò mi ló kọ́kọ́ sọ tirẹ̀: àwọn ìyàwó ilé méjì tí ọkọ wọn kú, tí àwọn ẹbí ọkọ fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ wọn, ni wọ́n bá pa ìjà orogún tì, wọ́n jọ forí lé kóòtù. Kò tíì dé kóòtù tí omijé ti ń já bọ́ lójú rẹ̀ sórí wàrà.

Bọ̀dá ní, "Dúró ná. Adájọ́ yẹn, ṣé ó fi òòlù lu tábìlì?"

"Ó lù ú, Bọ̀dá."

"Ní Nàìjíríà yìí? Adájọ́ wo lo rí tó ń lu tábìlì ní Nàìjíríà?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba ẹkún mi jẹ́."

Ó kàn Bọ̀dá. Ilé sinimá ńlá kan l'Ábújá ló ti wo tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ sójà kan tó ti ojú ogun dé, tí kò lè sùn mọ́. Ó sọ nípa iná, ó sọ nípa kámẹ́rà, ó sọ bí ibẹ̀ ṣe dákẹ́ tó. Mo bi í léèrè ẹni tó ń se oúnjẹ fún sójà náà. Ó ronú, ronú, ó ní òun ò rí i kó jẹun nínú fíìmù yẹn. Màmá ní, "Ẹ rí i pé ó yẹ kí ojú ẹ̀ má lè sùn." A rẹ́rìn-ín títí sobo fi ta sí mi lára.

Tèmi ni ti awakọ̀ akẹ́rù kan tó kúrò nílé fún ọdún púpọ̀. Ọjọ́ tó padà dé ló bá wọn lórí fidáù, àwọn alfa jókòó, oúnjẹ wà nílẹ̀, òun náà bá jókòó sáàárín èrò, ó jẹun, ó ṣe àmín. Nígbà tí wọ́n dárúkọ òkú ló tó mọ̀ pé fidáù òun fúnra òun ni. Bọ̀dá ní kò ṣeé ṣe kí ìyàwó rẹ̀ má dá a mọ̀. Mo ní irùngbọ̀n ti bo ojú rẹ̀. Ó ní irùngbọ̀n kì í bo ohùn. Mo ní ta ló ń sọ̀rọ̀ nídìí àwo fidáù? Inú ti ń bí mi díẹ̀, àmọ́ inú bíbí tó dùn ni. Màmá ń rẹ́rìn-ín, ó ń na ìka sí mi pé ohùn mi, ohùn mi.

Lẹ́yìn náà, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó ní, "Ó yá, ẹ gbọ́ tèmi."

Gbogbo wa dákẹ́. A ò dákẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí.

Màmá ní obìnrin aránṣọ kan ni, ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, inú ilé ńlá kan tí àtẹ̀gùn rẹ̀ funfun báláú ni wọ́n ń gbé. Kò bímọ. Ọkọ rìnrìn àjò lọ sókè òkun. Bí ọkọ ṣe lọ tán ni ìyá ọkọ da ẹrù obìnrin náà síta sínú òjò. Màmá sọ ọ̀rọ̀ tí ìyá ọkọ sọ lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ ọ́ bí ìyá náà ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ọwọ́ ní ìbàdí. Mo mọ fíìmù yẹn. Mo ti wò ó ní ṣọ́ọ̀bù. Bọ̀dá wò mí, mo mi orí fún un pé bẹ́ẹ̀ ni, ọkàn mi sì balẹ̀ dé àtàǹpàkò.

Màmá ń bá a lọ. Ó ní obìnrin yẹn wá di olówó, ilé yẹn gan-an ló padà rà. Ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ ni ìyá arúgbó kan wá kanlẹ̀kùn, ó ń wá iṣẹ́ alásè. Ìyá ọkọ yẹn ni. Ó ti di ẹni tí kò ní ibi tó máa sùn sí.

Kò sí ohun tó jọ ọ́ nínú fíìmù tí mo wò. Nínú èyí tí mo wò, ìyá ọkọ ya wèrè nínú ọjà, ó jẹ́wọ́, ó kú, ọkọ dé, ó dọ̀bálẹ̀, ó parí. Kò sẹ́ni tó di olówó. Kò sẹ́ni tó wá iṣẹ́ alásè.

Màmá ní, "Obìnrin yìí dá a mọ̀. Kò bú u. Ó ní kó wọlé kúrò nínú òjò, ó gbé kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná lé e lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ìyá náà ń gbé títí tó fi parí." Ó mú wàrà kan nínú àwo. "Ohun tó dùn mọ́ mi níbẹ̀ ni pé wọn ò lé ìyá arúgbó yẹn kúrò nílé."

Àbúrò mi tẹjú mọ́ àwo. Bọ̀dá ń wò mí, èmi ò wò ó.

Màmá wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó máa bi mí ní ìbéèrè?"

Bọ̀dá ní kò sí ìbéèrè, Màmá, ó dáa gan-an ni. Ohùn tí ènìyàn fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ló lò. Màmá gbọ́ ọ, mo rí i lójú rẹ̀ pé ó gbọ́ ọ. Ó dájọ́ kíákíá: tèmi ló gba ipò kìíní, èyí tí mo ti ń wá lójú méjèèjì láti ọdún gbọ́ọ́rọ́. Kò dùn mọ́ mi rárá.

Níta, Bọ̀dá ní, "Ìwọ tó o wo fíìmù yẹn, ṣé bó ṣe parí nìyẹn?"

Ìbá wù mí kí n purọ́. Mo ní rárá.

Ó gbára lé mọ́tò rẹ̀, ó fọwọ́ nu ojú. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Mo ní ẹni tó bá ń gbàgbé, ṣé ó máa ń sọ ìtàn tó já geere bẹ́ẹ̀? Ó ní ohun tí àwọn dókítà ń sọ gan-an nìyẹn, pé wọ́n á máa fi nǹkan tí kò ṣẹlẹ̀ dí ibi tí wọ́n gbàgbé. Mo ní kó má mú dókítà wá bá mi. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ṣàngó, mo sì sunkún lọ́nà, èmi tí mo máa ń fo ibi ẹkún.

Ní ọjọ́ kejì, mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo lọ bá Màmá lẹ́yìn ìrun Àyìlá. Mi ò ní nǹkan pàtó tí mo fẹ́ ṣe, mo kàn fẹ́ jókòó tì í. Ó jẹun tán, ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì tí Bọ̀dá rà fún un ti ara fúláásì, ó tẹ fíìmù kan. A jọ ń wò ó. Ó ń bú àwọn tó yẹ kó bú, ó ń ṣàdúà fún àwọn tó yẹ. Orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ, nítorí èmi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ojú rẹ̀ ni mò ń wò.

Wọ́n pe ìrun Alásàárì. Màmá na ọwọ́, ó pa ohùn tábúlẹ́ẹ̀tì, ó bọ́ ìborùn tó wà léjìká rẹ̀, ó fi bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Ó ti mọ́ ọn lára láti ayé tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Pálọ̀ ló ti ń kírun, kò sì fẹ́ kí àwòrán ènìyàn máa wo òun lójú nídìí ìrun, torí náà aṣọ ló máa ń fi bo tẹlifíṣọ̀n nígbà yẹn. Mo mọ àṣà yẹn láti kékeré. Mi ò kà á sí rí.

Ó lọ ṣe àlùwàlá, ó tẹ́ ẹní ìrun rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, ó kábàrá wọ inú ìrun. Èmi tí mi ò kírun lọ́jọ́ yẹn jókòó tì fúláásì. Lẹ́yìn ìrun, ó gbé tẹ̀súbáà, ó bẹ̀rẹ̀ àsíkíri. Àsíkíri Màmá, ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n. Á ṣe é tán, á ṣàdúà fún gbogbo òkú ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá bọ́ sórí àwọn alààyè. Mo rí i pé ìborùn yẹn ń tàn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lábẹ́. Mo ká etí rẹ̀ sókè.

Fíìmù ń lọ. Kò dá a dúró, ohùn nìkan ló pa. Ibi tó ti parí ni mo bá a, orúkọ àwọn òṣèré ń gòkè. Lójú mi báyìí, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ gbé òmíràn sí i, kò bi ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin náà mọ àwọn òṣèré wa, obìnrin kan náà ló ń jẹ́ ìyá ọkọ kiri, ilé kan náà sì ni gbogbo wọn máa ń yá lò. Obìnrin tó wà nínú èyí tó parí ló tún wà nínú èyí tó bẹ̀rẹ̀, lórí àga kan náà, gèlè ló pààrọ̀.

Mo dìde, mo fi ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo wá fíìmù aránṣọ yẹn jáde lórí fóònù tèmi, mo fà á dé òpin, ibi tí ọkọ ti dọ̀bálẹ̀. Mo dúró. Èyí tó tẹ̀ lé e wọlé fúnra rẹ̀. Àtẹ̀gùn funfun báláú. Òṣèré tó ṣe aránṣọ ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, wúrà wà lọ́rùn rẹ̀. Mo fà á síwájú díẹ̀, ìyá ọkọ tó kú sínú ọjà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, òjò ti pa á, ó ń wá iṣẹ́ alásè.

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi kí n má ba àsíkíri jẹ́. Mo jókòó sórí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, omijé ń bọ́, ẹ̀rín ń bọ̀. Màmá wa ò gbàgbé nǹkan kan. Ìdajì fíìmù kan àti ìdajì fíìmù mìíràn ló wò, ó sì rántí méjèèjì bí wọ́n ṣe rí.

Mo pe Bọ̀dá, ilé àna rẹ̀ ló wà. Mo ní kó máa bọ̀, kó má bi mí ní ìdí. Àdúà Màmá gùn débi pé ó ṣì dé bá a lórí ẹní ìrun. Mo fi ohun tó wà nínú fóònù mi hàn án lọ́dẹ̀dẹ̀. Ó wò ó, ó fà á padà sẹ́yìn, ó tún wò ó. Ó wọlé, ó jókòó.

Màmá ṣàdúà tán, ó kí i káàbọ̀, ó ká ìborùn kúrò. Ó wo ojú tábúlẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Wọ́n mà ti sáré díẹ̀," ó gbé ohùn sókè, ó ń bá wíwò rẹ̀ lọ.

Bọ̀dá ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè lórí fíìmù yín ti àná."

Ojú Màmá là. "Ó tó àsìkò, àbí? Béèrè."

"Ìgbà wo ni obìnrin yẹn di olówó? Báwo ló ṣe rí owó ra ilé?"

"Wọn ò fi ìyẹn hàn mí, ìrun ni mò ń kí. Mo fi làákàyè dí i. Aránṣọ ni, ó mọṣẹ́, kò sì ní ọkọ tó ń dí i lọ́wọ́. Kí ló kù?"

"Ọkọ ńkọ́? Kò padà dé?"

"Mo bi ara mi léèrè títí. Mo wá rò ó pé ọkọ tí kò fi nọ́ńbà sílẹ̀ fún ìyàwó tó fi lọ, kó dúró síbi tó wà."

Bọ̀dá béèrè títí. Ó béèrè nípa àpò, nípa aṣọ, nípa ọ̀nà tí ìyá ọkọ gbà di ẹni tí kò nílé. Kò sí èyí tí Màmá kò dá lóhùn. Ó ní àtẹ̀gùn funfun yẹn ya lápá òsì nígbà tí wọ́n lé obìnrin náà jáde, ó sì ṣì ya bẹ́ẹ̀ nígbà tó ra ilé, pé ìdí nìyẹn tí òun fi mọ̀ pé ilé kan náà ni. Lọ́yà wa gbé ọwọ́ sókè. Mi ò rí i kó gbé ọwọ́ sókè fún ẹnikẹ́ni rí.

A wá ṣàlàyé fún un. Mo fi òpin èkíní hàn án, mo fi ìbẹ̀rẹ̀ èkejì hàn án. Bọ̀dá fi ibi tó lè tẹ̀ kí fíìmù dúró de òun hàn án. Ó wò ó. Mo rò pé ojú máa tì í, kò tì í rárá. Ó ní, "Kò burú. Àmọ́ èyí tó ń lọ fúnra ẹ̀ yẹn dùn jù."

Bọ̀dá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi mú gíláàsì ojú rẹ̀ kúrò. Ó ní a máa tún ìdájọ́ ọdún yẹn dá. Ó ní kò sí fíìmù tó dáa tó ti Màmá, kò sì sí ẹni tó ṣe irú ẹ̀. Mo ní ipò kìíní tèmi ńkọ́? Ó ní mo ti sọ̀ kalẹ̀. Àbúrò mi tí a pè lórí fóònù náà fọwọ́ sí i, ó sì tún sunkún. Màmá ní ẹjọ́ ara òun kọ́ lòun jókòó dá. Bọ̀dá ní àwa la dá a, kí alùkálì jókòó jẹ́jẹ́.

Mo bi í léèrè èyí tó kù, nítorí mi ò kì í gba ọ̀rọ̀ lábọ̀. Mo ní orúkọ àbúrò yín tí ẹ ń pè mí ńkọ́? Ó ní, "Ojú kan náà lẹ ní. Láti kékeré ni mo ti ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀, ìgbà tí mo darúgbó lo wá ń ka iye ìgbà." Ó yọ mí lẹ́nu pé òótọ́ ni.

Màmá ń fi ìka yí tẹ̀súbáà. Ó ní, láìwo ẹnikẹ́ni, "Ó wá túmọ̀ sí pé mi ò lọ Àbújá mọ́ nìyẹn?"

Bọ̀dá ní, "Màmá, ta ló sọ fún yín?"

"Ilé ìdáná mi kì í ṣe ìlú mìíràn. Mo gbọ́." Ó ní ìyẹn lòun ṣe lọ sí Ọjà-Ọba lọ́jọ́ yẹn, báàgì lòun lọ rà, nítorí sípì ti àtijọ́ ti bàjẹ́. Ó ní òun dé ìdí àwọn báàgì náà, ọwọ́ òun ò gbé e. Nígbà tí a béèrè ohun tí òun lọ rà, òun ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu òun. "Tó bá jẹ́ pé ó ti tán báyìí, kí ẹnìkan bá mi fa nǹkan yẹn jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Bọ̀dá ló lọ fà á. Báàgì àtijọ́ bàbá wa ni, okùn ni wọ́n fi so ẹnu rẹ̀. Ó tú okùn náà nílẹ̀ yàrá. Aṣọ àsàlátù Màmá wà níbẹ̀, àwọn ìró tó dáa jù, fọ́tò bàbá wa tí wọ́n fi tówẹ́ẹ̀lì wé. Ó ti ń di ẹrù láti ìgbà òjò, díẹ̀díẹ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkàn rẹ̀ wà nínú ẹrù yẹn, ìdí nìyẹn tó fi ń fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Bọ̀dá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò Àbújá rẹ̀, kò lè gbé ojú sókè. Ó mú ìró àkọ́kọ́ jáde, ó tún un ká, ó sì bi Màmá pé inú ibo nínú kọ́bọ́ọ̀dù ni kí òun dá a padà sí. Màmá ní orí èyí tó wà láàárín, níbi tí ọwọ́ òun ti máa ń tó o.